Àmín Tí Ìyá Ọkọ Mi Tẹ̀

Ẹ bá mi kí ọkọ mi o. Abdullateef lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Mujeebah ni mò ń pè é, nítorí Mujeebah ni àkọ́bí wa. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, bí ìyàwó tó gbẹ̀kọ́. Níbi tí kò sí yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní "ó", kí ara lè tù mí láti sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Iṣẹ́ ìkànnì ló ń ṣe. Òun ló ń bá ilé ìwé àti oníṣòwò ṣe ojú ìwé tí wọ́n fi ń hàn sáyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò nítòsí Odò-Orí ní Ìwó: èmi Ràódàt pẹ̀lú máṣíìnì ìránṣọ mi lápá ọ̀tún, òun pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lápá òsì. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló rò pé fóònù ló ń tún ṣe. "Bọ̀dá Lateef, ẹ bá mi wo ṣájà yìí." Ó bínú, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé A KÌ Í TÚN FÓÒNÙ ṢE NÍBÍ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan gbé rédíò wá. Ó ní òun ti ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, fóònù kọ́ nìyí.

Ìwà kan wà lára ọkọ mi: iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ ló máa ń fi tọkàntọkàn ṣe jù. Ó ti ṣe ìkànnì kan rí tí yóò máa sọ àdúgbò tí iná mànàmáná wà. Bí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí o kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo ìlú mọ̀. Ẹ gbọ́, ta ni yóò kọ ọ́? Kí ará Kúta lè gbé fóònù mẹ́fà wá sí pálọ̀ rẹ, kí ó ní òun wá fi iná sí i? Gẹ́gẹ́ bí ìkànnì ọkọ mi ti wí, iná kò tàn rárá ní Ìwó fún oṣù mẹ́ta gbáko. Èmi sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mò ń fi áyọ́ọ̀nù oníná lọ aṣọ oníbàárà.

Ó tún ṣe ti ewúrẹ́ tó sọnù. Ó ya fọ́tò ewúrẹ́ dúdú kan tó ń jẹ páálí káàkiri ọjà, ó gbé e síbẹ̀, ó ní kí olówó rẹ̀ fara hàn. Ènìyàn mọ́kànlá ló fara hàn. Ọ̀kan nínú wọn wá láti Olúpọ̀nnà pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó sì jẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn pé òun kò sin ewúrẹ́ rí, ṣùgbọ́n òun ti ń gbèrò rẹ̀.

Ìkànnì, bí ó ṣe là á yé mi, ayálégbé ni. Kò lè dá dúró. Ilé-iṣẹ́ kan níbì kan ló gbọ́dọ̀ gbà á sínú kọ̀ǹpútà tiwọn kí aráyé tó lè rí i. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gba tirẹ̀ kò ní ti ẹnu mi jáde, lánlọ́ọ̀dù ni n óò máa pè wọ́n. Mo ti gbé ilé Bàbá Fọládé rí, lánlọ́ọ̀dù tó máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ka iye garawa omi tí a fà nínú kànga. Bàbá Fọládé sàn ju àwọn wọ̀nyí lọ. Ó kéré tán, bí o bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ènìyàn ni yóò jáde síta láti bú ọ.

Nítorí àwọn lánlọ́ọ̀dù yìí ni ọkọ mi fi ń bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Linda sọ̀rọ̀. Linda o! Lọ́sàn-án gangan, lójú mi báyìí. "Linda kò tíì dá mi lóhùn." "Linda ní kí n mú sùúrù." Mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kan tó lọ kírun, mo gbé aṣọ tí mò ń rán jù sílẹ̀, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ ẹ́ sí i pé: èmi ni ìyàwó ilé, kí lo ń wá lọ́dọ̀ ọkọ mi? Kíá ló dáhùn. Ó ní inú òun dùn láti ràn mí lọ́wọ́, ṣé ọ̀rọ̀ nípa orúkọ ìkànnì ni àbí ọ̀rọ̀ nípa àyè tí kò tó? Mo ní ọ̀rọ̀ nípa ilé ọkọ mi ni, àyè ibẹ̀ kò sì gba ènìyàn méjì. Ó ní kí n má bínú, kò yé òun, ṣùgbọ́n inú òun dùn láti ràn mí lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Bàbá Mujeebah bá mi, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ̀rọ ni Linda. Àwọn lánlọ́ọ̀dù ló gbé e síwájú kí wọ́n má baà rí ojú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, Alhaja Àtọ́kẹ́, tí èmi ń pè ní Ìyá wa. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ń ṣe àsàlátù ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí Alfa Abdulfatah bá ti ṣe àdúà kan tán, ẹnìkan ṣoṣo ló ń kọ́kọ́ gbé àmín, kí gbogbo ìjọ tó tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Ìyá wa fi wà nídìí rẹ̀. Àmín tiwọn kì í sì í ṣe kékeré. Wọ́n á jẹ́ kí àdúà náà jókòó ná, wọ́n á mí sínú, wọ́n á wá gbé e: "Ààààmín!" Ọlọ́kadà tó ń kọjá lọ lójú títì á dáhùn láìmọ ohun tí wọ́n tọrọ.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ èṣí ni Ìyá wa yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìbàdí dá. Láti ìgbà náà, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà. Dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń gbé wọn lọ sí ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Ìyá Mùrí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, ló ń bá wọn di àyè náà mú ní àsàlátù. Ìyá Mùrí kò ní sùúrù. Alfa á bẹ̀rẹ̀ pé "Ọlọ́run má jẹ́ ká…", wọ́n á ní "Àmín!" Ó tó ìgbà mẹ́ta tí ìjọ ṣe àmín sí "Ọlọ́run má jẹ́ ká", tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a kò fẹ́ kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe.

Lọ́jọ́ kan Alfa wá kí Ìyá wa. Wọ́n rọra sọ ọ́, wọ́n ní àyè náà kò ṣeé fi sílẹ̀ lófo títí lọ, ìjọ fẹ́ fi ẹnìkan jẹ ẹ́. Ìyá wa ní kò burú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oúnjẹ dópin. Ẹ̀kọ kan, wọ́n á máa fi ṣíbí yí i kiri inú abọ́ títí yóò fi tutù. Mo fẹ́ràn ìyá yìí ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ, torí ìyá ọkọ kò gbọdọ̀ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tán. Mo sọ fún Bàbá Mujeebah pé bí wọ́n bá gba àmín yìí lọ́wọ́ wọn, wọn kò ní pẹ́ láyé.

Ó dìde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alfa. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè, Ìyá yóò gbé àmín láti orí bẹ́ẹ̀dì, ìjọ yóò sì gbọ́ ọ. Alfa gbà.

A kọ́kọ́ pe fóònù lásán, a gbé e sí ẹnu sípíkà mọ́sáláṣí. Ẹ̀yin náà mọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Alfa ń tọrọ ẹ̀mí gígùn lọ́wọ́, ni ohùn Ìyá wa bá bú jáde nínú sípíkà: "Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ẹ̀yin dà? Lateef, wọ́n ti kú o!"

Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi lọ jókòó, tó ṣe ìkànnì àmín. Ó gba ohùn Ìyá wa sílẹ̀ níjọ́ kan tí ọ̀fun wọn já geere. Nílé, Ìyá wa yóò máa gbọ́ Alfa lórí fóònù. Àmì rogodo kan wà lójú rẹ̀, aláwọ̀ ewé. Bí àdúà bá parí, kí wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, ohùn wọn yóò sì jáde nínú sípíkà mọ́sáláṣí, gbàràmù. Àwọn ìyókù náà lè tẹ tiwọn níbikíbi tí wọ́n bá wà. Tiwọn kò ní ohùn, iye rẹ̀ ni yóò kàn máa lọ sókè lójú gbogbo ènìyàn. Odidi Sọ́ńdè mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun díẹ̀díẹ̀. Mo tilẹ̀ wo ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó dà bíi pé mo fẹ́ ọkọ gidi.

Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí wọ́n rí iye yẹn. Ta ni nínú àwọn ìyá àsàlátù tí yóò ṣe àmín ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tó ń wò ó pé ẹni tó jókòó tì í ti ṣe ogójì? Bí Alfa bá ní "ọmọ wa kò ní kú," ìka kò ní í sinmi. Ìyá Ọmọ́ṣaléwá fi fóònù lélẹ̀ lórí ẹní, wọ́n sì ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lù ú. Wọ́n ní àdúà tí ènìyàn kò bá ṣe àmín rẹ̀ tó, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ń gbà lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn lánlọ́ọ̀dù ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ kan náà, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ìgbà, láàárín wákàtí kan, láti ojú kan náà, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ènìyàn. Ẹ̀rọ ló ń gbógun wá, nítorí náà àwọn ti ti ìkànnì náà pa fún ààbò.

Inú bí ọkọ mi débi pé ó ń fọ èdè tí mi ò gbọ́ rí. Ó kọ̀wé sí Linda pé àwọn ìyá alásàlátù ni. Linda ní kí ó fi ẹ̀rí hàn pé ènìyàn ni wọ́n. Ẹ bá mi wo àbùkù! Linda, tí kò ní orí, tí kò ní ìrù, ló ń bèèrè bóyá ènìyàn ni Ìyá Ọmọ́ṣaléwá, tó bí ọmọ mẹ́jọ. Linda tún ní ṣé wọn kò lè máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré? Ọkọ mi gbé ìbéèrè náà lọ bá àwọn ìyá. Wọ́n hó lé e lórí. "Ẹ̀ẹ̀kan? Fún àdúà ọmọ?" Ìyá Ọmọ́ṣaléwá ní kí Linda fúnra rẹ̀ lọ ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kí gbogbo wa jọ wo bí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ yóò ṣe rí.

Sọ́ńdè kan kọjá láìsí àmín Ìyá wa. Abọ́ ẹ̀kọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Alfa ní àwọn yóò dúró de Sọ́ńdè kan ṣoṣo sí i. Bí wọn kò bá gbọ́ Alhaja lọ́jọ́ náà, àwọn yóò fi Ìyá Mùrí jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ ni ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan tó dá wa lóhùn lọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù, Olútáyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó ní àwọn yóò ṣí i, ṣùgbọ́n kí àmì aláwọ̀ ewé tó yọ, kí ẹni tó fẹ́ ṣe àmín kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àwòrán. Ẹ mọ̀ ọ́n: wọ́n á gbé àwòrán mẹ́sàn-án síwájú yín, wọ́n á ní kí ẹ mú gbogbo èyí tí bọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yege, ènìyàn ni yín.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni èmi àti Ìyá wa fi kàwé. Èmi ni mò ń ka òyìnbó rẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní kí Ìyá mú alùpùpù. Wọn kò mú ìkankan. Mo ní, "Ìyá, alùpùpù rèé." Wọ́n ní, "Níbo? Kò sẹ́ni tó gùn ún, kò sẹ́ni tó gbé. Ẹrù irin nìyẹn." Wọ́n tún mú ọ̀pá pupa kan wá, irú èyí tí panápaná ń fa omi lára rẹ̀ nílùú òyìnbó. Ìyá wa tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ràódàt, ta ni ọmọ kúkúrú yìí?" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ìyá yìí pé. Nígbà tó fi di ọjọ́ Jímọ̀, n kò tíì ka ìbéèrè tán tí wọ́n á ti mú u, pa, pa, pa, tí àmì aláwọ̀ ewé á ti yọ. Ọkọ mi kò sí nílé nígbà tí à ń ṣe é, ó wà ní mọ́sáláṣí, ó ń to wáyà.

Sọ́ńdè náà pé. Bàbá Mujeebah lọ dúró ti sípíkà, èmi dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wa wé gèlè funfun, bíi pé àwọn ènìyàn ń wò wọ́n. Alfa bẹ̀rẹ̀ àdúà. Àwòrán yọ. Ìyá wa mú gbogbo iná ojú títì, wọn kò ṣi ọ̀kan, àmì aláwọ̀ ewé sì yọ. Àdúà parí. Ìka wọn wà lókè rẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́." Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n panu mọ́.

Gbogbo mọ́sáláṣí dákẹ́, wọ́n ń retí. À ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà lórí fóònù, ọmọ kan wúkọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Mùrí gbé àmín. Wọn kò kánjú lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ́ kí àdúà jókòó, wọ́n mí sínú, wọ́n sì gbé e wálẹ̀ dáadáa. Àdúà kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ìyá wa di ojú, wọ́n ń gbọ́ ọ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo fẹ́ já fóònù náà gbà, kí n fi ìka ara mi tẹ̀ ẹ́.

Alfa wúkọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ìjọ, ẹ ti rí i. Ọlọ́run yóò fún Alhaja Àtọ́kẹ́ wa ní ìlera. Yóò sì fún Ìyá Mùrí ní ohùn àti sùúrù, láti máa gbé àmín wa láti òní lọ."

Ìgbà yẹn ni Ìyá wa tẹ̀ ẹ́.

"Ààààmín!" Mo gbọ́ ohùn wọn láti inú sípíkà mọ́sáláṣí, ó gba inú fóònù padà wá bá wa nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìjọ tẹ̀ lé e, bí wọ́n ti ń tẹ̀ lé e láti ọdún mẹ́rìnlélógún.

Mo ní, "Ìyá! Ẹ ti yege tipẹ́! Kí lẹ ṣe yìí?"

Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, mà á sunkún. Wọn ò gbà á. Èmi ni mo fún un." Wọ́n tú gèlè. "Fóònù ni mo ń bá ṣe àmín láti ọjọ́ yìí, Ràódàt. Mi ò rí ojú ẹnìkan. Ohùn yẹn gan-an, kì í ṣe èmi, ohùn ìgbà tí ara mi le ni. Ó sú mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ mi? Wàhálà tó ṣe lórí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Má sọ fún un o."

Omi bọ́ lójú mi. N kò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ wọn mú.

Bàbá Mujeebah sáré wọlé, bàtà ẹsẹ̀ kan péré ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Màámi, àwòrán wọn ló dá yín dúró, àbí? Àwòrán radaràda wọn ló jẹ́ kí àmín yín pẹ́!"

Ìyá wa mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó pẹ́ kó tó ṣí, ọmọ mi." Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní ṣé kò sí ẹ̀bà nílé ni, ebi ń pa àwọn. Ẹ̀bà ńlá méjì ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹja.

Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkọ mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí àwọn lánlọ́ọ̀dù kò jẹ̀bi rèé. Òun gan-an ló sì bá wọn jà jù. Ìwé tó kọ sí wọn gùn tó ojú ìwé mẹ́rin. Ó ní wọ́n ti gba oyè lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Olútáyọ̀ fèsì. Ó ní àwọn ti yẹ gbogbo ẹ̀rọ àwọn wò, àwọn kò rí ohun tó bàjẹ́, síbẹ̀ ojú ń ti àwọn, àwọn sì ń bẹ Alhaja tọkàntọkàn.

Ọkọ mi gbé kọ̀ǹpútà náà wọ yàrá Ìyá wa, ó kà á fún wọn láti òkè délẹ̀, àyà rẹ̀ ga sókè bíi pé ó ṣẹ́gun ogun. Ìyá Mùrí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń mí sínú kí a tó gbé àmín. Ìyá wa gbọ́ ìwé náà tán. Wọn kò wo ojú mi.

Wọ́n ní, "Mo ti foríjì wọ́n. Sọ fún wọn kí wọ́n má dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ìyá ẹlòmíràn mọ́."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wọn.